Orin Wo Ni A Kò Rán Níṣẹ́ Rí?

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìrọ̀lẹ́ orin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan jáde tí a kò lè gbé mì. Àwa díẹ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ ni a kọ orúkọ iṣẹ́ orin mẹ́fà sílẹ̀ pé kí a jọ gbọ́ wọn, kí a sì ṣàlàyé wọn fún àwọn ọmọ tí ó ń bọ̀ láti Kétu, láti Ṣábẹ̀ẹ́ àti láti Àjàṣẹ́. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí mẹ́ta: ti Haydn, ti Handel àti ti Mendelssohn. Wọ́n fi yíǹkì pupa fa ìlà sórí mẹ́ta yòókù. Méjì nínú àwọn tí wọ́n pa rẹ́ jẹ́ orin tí a ṣe fún sinimá, ọ̀kan ti Prokofiev ará Rọ́ṣíà, èkejì ti Bernard Herrmann ará Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta ni *African Suite* ti Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Nígbà tí a béèrè ìdí rẹ̀, èsì tí a gbà kò ju gbólóhùn méjì lọ. Wọ́n ní orin sinimá kì í ṣe orin gidi, nítorí pé ìránṣẹ́ àwòrán ni. Wọ́n ní ti Ṣówándé kì í ṣe ti Òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe tiwa, nítorí náà kò sí ibi tí a lè fi í sí.

A kò kọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni du ipò. Àgbà ni àwọn tí ó jókòó ní ìgbìmọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kọ́ wa ní ohun tí a mọ̀, a kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà. Bí a bá dákẹ́, ohun tí wọn yóò mú lọ sílé ni pé orin kan wà tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run, tí kò ní ìyá, tí kò ní baba, àti pé orin mìíràn wà tí owó àti iṣẹ́ bí, èyí tí kò yẹ kí ọmọlúàbí dẹ etí sí. Irọ́ gbáà ni. Láti inú orin mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ yàn ni a ó ti mú ẹ̀rí wa jáde.

Àwọn Faransé ní orúkọ kan fún irú orin tí ìgbìmọ̀ fẹ́: *musique savante*, orin àwọn ọ̀mọ̀wé. A kò mọ orúkọ tí wọn yóò wá pe orin tí ó kù, àfi bí wọ́n bá fẹ́ pè é ní orin àwọn òpè.

Haydn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 1761, Joseph Haydn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọmọ-aládé ìdílé Esterházy, ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Họ́ngárì. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà lónìí yóò ṣe bí ẹni pé agbọ́únjẹ ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Ó pàṣẹ fún un pé kí ó máa wọ aṣọ ìránṣẹ́ ilé náà, kí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ funfun, kí ó fi àtíkè sí irun. Ó pàṣẹ pé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n àti lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yẹ̀, kí ó máa wá dúró ní yàrá ìta láti gbọ́ bóyá ọ̀gá fẹ́ orin tàbí kò fẹ́. Orin èyíkéyìí tí ọ̀gá bá ní kí ó ṣe ni kí ó ṣe. Kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dà rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣe orin fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn sínfónì tí a fi ń pè é ní baba lónìí.

Èyí tí ìgbìmọ̀ yàn gan-an ni sínfónì tí ó ṣe ní ọdún 1772, tí wọ́n ń pè ní *Les Adieux*, orin ìdágbére. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ọmọ-aládé pẹ́ jù ní ààfin rẹ̀ tí ó wà ní ìgbèríko lọ́dún náà, àwọn olórin kò sì rí ìyàwó àti ọmọ wọn fún ìgbà pípẹ́. Ìránṣẹ́ kò lè dojú kọ ọ̀gá kí ó ní ilé ń fà mí. Haydn bá fi orin sọ ọ́. Ní ìparí sínfónì náà, àwọn olórin ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá parí yóò pa àbẹ́là iwájú rẹ̀, yóò gbé ohun èlò rẹ̀, yóò jáde. Ní ìkẹyìn, gòjé Òyìnbó méjì péré ni ó kù nínú òkùnkùn. Ọmọ-aládé gbọ́ àrokò náà, ó sì ní kí wọ́n di ẹrù. Ẹ wò ó dáadáa: orin tí ó ní iṣẹ́ láti jẹ́ ni, àwòrán sì wà nínú rẹ̀ tí ojú gbọ́dọ̀ rí kí etí tó mọ ohun tí ó ń gbọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ láìmọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé àárẹ̀ ni ó mú àwọn olórin.

Mendelssohn ńkọ́? Ó dá wa lójú pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí kò tíì gbọ́ orin ìgbéyàwó rẹ̀ rí, pàápàá ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí tọkọtaya ń jáde bọ̀. Orin náà ni wọ́n máa ń fi dùùrù lù, tí àwọn ìyá á máa nu omijé. Ibo ni ó ti wá? Eré orí ìtàgé ni a ṣe é fún. Ọba ilẹ̀ Prussia ni ó ní kí Mendelssohn wá ṣe orin sí eré Shakespeare tí àwọn Faransé ń pè ní *Le Songe d'une nuit d'été*, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣeré náà pẹ̀lú orin yìí ní Potsdam ní ọdún 1843. Nínú eré kan náà ni olorì àwọn iwin ti ń fẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ti sọ orí rẹ̀ di orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìgbà tí ọmọ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi orin náà ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1858 ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe ìgbéyàwó. A kò sọ èyí láti fi tọkọtaya kankan ṣe yẹ̀yẹ́. A sọ ọ́ nítorí pé orin tí ó ń tẹ̀lé eré ni, tí ó ń wọlé nígbà tí òṣèré bá ní kí ó wọlé, tí ó sì ń dúró nígbà tí ó bá ní kí ó dúró. Kí ni ó wá yà á sọ́tọ̀ kúrò lára orin sinimá, bí kò ṣe pé ojú ìtàgé ni tirẹ̀ wà, tí ti sinimá wà lójú aṣọ funfun?

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ wọn kò tilẹ̀ bá sinimá ṣe ọ̀tá nígbà tí ó dé. Camille Saint-Saëns ti di ọmọ ọdún 73, òkìkí rẹ̀ sì ti kan káàkiri, nígbà tí ó ṣe orin sí *L'Assassinat du duc de Guise* ní Paris ní 1908, sinimá tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún lọ. Ó fún un ní nọ́ńbà láàárín iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fún àwọn yòókù: 128. Vaughan Williams ará Gẹ̀ẹ́sì mú orin tí ó ṣe sí sinimá nípa ìrìn-àjò Scott sínú yìnyín, ó sì sọ ọ́ di sínfónì keje rẹ̀, tí a kọ́kọ́ gbọ́ ní 1953. Ní 1949, ẹ̀bùn Pulitzer fún orin bọ́ sọ́wọ́ Virgil Thomson ní Amẹ́ríkà nítorí orin tí ó ṣe sí *Louisiana Story*, sinimá ni òun náà. Bí orin sinimá kì í bá ṣe orin gidi, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ wa kọ̀wé sí àwọn tí ó pín ẹ̀bùn náà.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ fi orúkọ àwọn ẹni ńlá nìkan jà. Inú orin náà ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí Sergei Prokofiev àti Eisenstein ń ṣe *Alexander Nevsky* ní 1938, ìgbà mìíràn wà tí Eisenstein yóò ti gé àwòrán rẹ̀ tán, tí Prokofiev yóò wò ó ní alẹ́, tí yóò sì mú orin rẹ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìgbà mìíràn sì wà tí orin ni ó kọ́kọ́ dé, tí Eisenstein yóò wá jókòó gé àwòrán kí ó lè bá ẹsẹ̀ orin mu. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n sọ fún wa: èwo ni ọ̀gá, èwo ni ìránṣẹ́? Kò sì tán síbẹ̀. Fèrè àwọn ọmọ-ogun Jámánì tí ó ń bọ̀ wá kógun ja Rọ́ṣíà, Prokofiev mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n fun ún sẹ́nu ẹ̀rọ tí ń gba ohùn gan-an, kí ohùn náà lè fọ́, kí ó lè burú létí. Ohun tí gbogbo onímọ̀ ẹ̀rọ ń sá fún, òun sọ ọ́ di èdè. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó kó orin náà jọ di kàntátà fún ẹgbẹ́ akọrin àti ọ̀kẹ́sítírà, ó sì ń lọ lórí ìtàgé ayé títí di òní láìsí àwòrán lẹ́yìn rẹ̀.

Ti Herrmann yàtọ̀. Sinimá *Psycho* ti 1960 kò ní àwọ̀. Dúdú àti funfun ni. Herrmann ní òun náà yóò ṣe orin tí kò ní àwọ̀, ó sì lé fèrè àti ìlù gbogbo jáde, ó fi ohun èlò olókùn nìkan sílẹ̀. Hitchcock tí ó ni sinimá náà ti ní kí orin má wọ ibi tí wọ́n ti pa obìnrin náà ní balùwẹ̀. Herrmann kọ orin sí i bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí Hitchcock gbọ́ ọ, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí àwọn gòjé náà ṣe ń ké kì í gbàgbé. Àwọn tí kò rí sinimá náà rí pàápàá mọ̀ ọ́n. Ìránṣẹ́ wo ni ó máa ń kọ̀ fún ọ̀gá báyìí, tí ọ̀gá á sì dúpẹ́?

Ohun kan tún wà tí orin sinimá kọ́ wa tí a kò rí kọ́ ní ibòmíràn: ìgbà tí ó yẹ kí orin dákẹ́. Nínú *Du rififi chez les hommes* ti 1955, àwọn olè ń lu àjà láti wọ ilé oníwúrà, ó sì tó nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, tí orin kankan kò dún. Georges Auric, ẹni tí ó ni orin sinimá náà, ti ṣe orin sí apá yìí. Nígbà tí wọ́n wò ó pẹ̀lú orin, tí wọ́n tún wò ó láìsí orin, òun fúnra rẹ̀ gbà pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹni tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ iṣẹ́ ara rẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ náà yóò dára sí i, olórin ni.

A gbà pé yẹpẹrẹ ni púpọ̀ nínú orin tí a ń gbọ́ nínú sinimá. Púpọ̀ wà tí ó kàn ń sọ fún wa pé kí a sunkún nígbà tí òṣèré bá ń sunkún, bí ẹni pé a kò ní ojú. Ẹni tí ó bá fi èyí bá wa jà kò ní rí wa bá jà. Ṣùgbọ́n àwọn sínfónì tí wọ́n kọ ní ayé Haydn, tí ẹnikẹ́ni kò lù mọ́ láti igba ọdún, pọ̀ ju àwọn tí a ń lù lọ. Kò sí ẹni tí ó ń fi ti pé wọ́n burú da Haydn lẹ́bi.

Handel ni ó kù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó sì dùn wá jù. Orin Orí Omi rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ yàn. Ọba George Kìn-ín-ní ni wọ́n ṣe é fún, kí ó lè máa gbádùn ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje ọdún 1717. Inú ọba dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí wọ́n lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Orin fàájì ni, ó sì dára. A kò ní kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ ìpìlẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ tán. Ní 1720, orúkọ Handel wà nínú ìwé àwọn tí ó ní ìpín-owó nínú Royal African Company, ilé-iṣẹ́ tí òwò rẹ̀ jẹ́ kíkó ènìyàn láti etíkun wa yìí lọ sóko ẹrú. Ilé-iṣẹ́ náà ní odi ní Ouidah. Láti Àjàṣẹ́ dé Ouidah kò jìnnà. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti dúró lẹ́bàá òkun níbẹ̀, tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá, Yorùbá wà nínú wọn, àwọn tí ọmọ-ọmọ wọn sì padà dé láti Brazil ń bẹ nínú wa lónìí, wọ́n ń jẹ́ orúkọ Potogí, wọ́n sì ń san owó ẹgbẹ́.

Bí orin kan bá di aláìmọ́ nítorí owó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, orin Handel ni kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ fi yíǹkì pupa pa. Wọn kò pa á. Kò sì yẹ kí wọ́n pa á. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n sọ ìtàn náà, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ orin náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn bá ọ̀rọ̀ náà jìjàkadì. Kí a dákẹ́ nípa owó ẹrú, kí a wá fi ẹnu ẹ̀gàn pe owó sinimá, èyí ni a kò lè bá wọn gbà.

A wá dé ọ̀dọ̀ Ṣówándé, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta wá jí.

Ọdún 1905 ni a bí Fẹlá Ṣówándé. Baba rẹ̀ jẹ́ àlùfáà tí ó fẹ́ràn orin ìjọ. Ní Èkó ni ó ti kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ T. K. E. Phillips, ẹni tí ó ń lu dùùrù ní Kàtídírà, tí ó sì kọ ìwé kan nípa orin Yorùbá. Ó lọ sí London kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti ń fi dùùrù lu orin jáàsì fún oúnjẹ òòjọ́, tí ó sì ń kọ́ ìmọ̀ orin lọ. Ní 1943 ó gba oyè gíga jù lọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ọba ti àwọn onídùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni. Láàárín ogun yìí kan náà ni wọ́n fi í ṣe olùdarí orin fún Colonial Film Unit, ẹ̀ka tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1939 láti máa ṣe sinimá tí wọn yóò fi han àwọn ará Áfíríkà, kí wọ́n lè ti ogun lẹ́yìn, kí wọ́n sì gba ẹ̀kọ́ tí ìjọba fẹ́ kí wọ́n gbà. Orin tí yóò máa dún lábẹ́ irú sinimá bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó burú níbẹ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún wa. William Sellers, tí ó jẹ́ olórí níbi iṣẹ́ náà, tí ó ti ṣiṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, gbà pé ojú àwa aláwọ̀ dúdú tí kò kàwé kò lè tètè bá àwòrán lọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe yí àwòrán kíákíá, kí wọ́n má ṣe fi kámẹ́rà dárà kankan, kí wọ́n máa sọ ìtàn ní tààrà, kí wọ́n sì máa rọra sọ ọ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀lé ìyáàlù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń rá kòrò, àwọn ni Sellers ní wọn kò lè tẹ̀lé àwòrán! Abẹ́ òrùlé yìí ni Ṣówándé ti ṣiṣẹ́. Ní 1944, láàárín ọdún wọ̀nyí gan-an, ni ó ṣe *African Suite*.

Ohun èlò olókùn àti háàpù ni ó kọ ọ́ fún. Apá márùn-ún ni. Ohùn orin Ephraim Amu, ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, wà nínú apá àkọ́kọ́. Apá ìkẹyìn, “Akinla”, orin háílaìfù tí àwọn ènìyàn ń jó ní etíkun wa ni ó mú, tí ó fi lé àwọn gòjé Òyìnbó lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń lọ: gòjé kò sunkún níbẹ̀ bí ó ti máa ń sunkún lọ́wọ́ àwọn ará Vienna, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ń ṣe omele, àwọn tí ó wà lókè ń dá, àwọn àárín ń gbè. Ẹni tí ó bá sọ pé èyí kì í ṣe tiwa kò tíì gbọ́ ọ tán. Ẹni tí ó bá sọ pé kì í ṣe ti ọ̀kẹ́sítírà, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Kánádà, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ “Akinla” gẹ́gẹ́ bí orin ìdánimọ̀ ètò Clyde Gilmour lórí rédíò CBC, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni ó ṣe é.

Èyí ni èsì tiwa sí Sellers. Wọ́n ní ojú wa kò yá. Ọkùnrin tí wọ́n gbà láti fi orin sábẹ́ sinimá wọn dá wọn lóhùn pẹ̀lú orin tí ó yá ju ojú wọn lọ. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ohun tí ẹ fi yíǹkì pupa pa nìyẹn.

A mọ̀ pé àwọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì tí ó ń sọ pé ẹni tí ó bá kọ orin wa sínú ìwé Òyìnbó ti bà á jẹ́. Samuel Coleridge-Taylor, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró, fi orin Yorùbá kan, “Oloba”, sínú àwọn orin tí ó tẹ̀ jáde fún dùùrù ní 1905. Ṣé ó bà á jẹ́ ni, àbí ó fi pamọ́ fún wa? Àwa kò rí ìwé mìíràn tí a kọ orin náà sí ní ọdún yẹn. Orin tí ó kù ní orí ìyá àgbà nìkan ń bá ìyá àgbà lọ ni.

Ní ti sinimá fúnra rẹ̀, ó yà wá lẹ́nu pé ní Àjàṣẹ́ ni a ti ń gbọ́ pé nǹkan yẹpẹrẹ ni. Àjàṣẹ́ ni a bí Paulin Soumanou Vieyra sí ní 1925. Láti 1934 ni òfin ìjọba Faransé ti wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya sinimá ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Áfíríkà láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí Vieyra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí àṣẹ náà gbà, Paris ni wọ́n ti ya *Afrique-sur-Seine* ní 1955. Ìjọba kì í fi òfin dí ọ̀nà ohun yẹpẹrẹ. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá ní àwòrán àti orin lọ́wọ́ lè sọ ìtàn ara rẹ̀. Ọdún kan náà, 1987, ni Vieyra àti Ṣówándé kú, ọ̀kan ní Paris, èkejì ní Amẹ́ríkà. A kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa fi ìrọ̀lẹ́ kan rántí èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀yin ará Kétu tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ni a fẹ́ bi ní ìbéèrè kan. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, tí ìyáàlù ń wo ẹsẹ̀ oníjó, tí ìró irin ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìró awọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ìgbà kan náà, ta ni ìránṣẹ́ níbẹ̀? Ṣé onílù ni, nítorí pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára ohun tí ó ń wò? Ní Kétu, ẹni tí kò bá lè lu ìlù bá ojú mu, kò tíì mọ ìlù ní í lù. A kò tíì rí àgbàlagbà kan tí ó ní kí onílù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ jókòó sínú yàrá, kí ó máa lù fún etí nìkan, kí a lè mọ̀ bóyá orin rẹ̀ jẹ́ gidi. Èyí tí Benin, Nàìjíríà àti Tógò jọ gbé lọ sí UNESCO, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2001, orin tí ó ń tẹ̀lé ohun tí ojú ń rí ni. Ibo ni ẹ ti wá kọ́ pé irú orin bẹ́ẹ̀ kéré?

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sínú ètò. Kí a sọ ìpìlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó gbọ́ ọ: ta ni ó san owó, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe, ta ni ó jìyà níbẹ̀. Kí a sọ ti aṣọ ìránṣẹ́ Haydn, ti ìpín-owó Handel, ti orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Mendelssohn, kí a sì sọ ti Sellers láìfi bò. Lẹ́yìn náà kí a pa iná díẹ̀, kí a jẹ́ kí orin sọ tirẹ̀.

Ìwé orin “Akinla” ti wà lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ mẹ́rin nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń fi gòjé Òyìnbó dá a kọ́ láti oṣù tí ó kọjá, láìgba àṣẹ, ẹ̀bi wa sì ni. A kò ní háàpù. Dùùrù kékeré ni a fi ń lu ipò rẹ̀, bọ́tìnnì méjì lára rẹ̀ kò sì dún. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, wọn yóò lù ú nínú yàrá ìkàwé. A ti to àga méje síwájú fún ìgbìmọ̀.